Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Yín ní Delhi: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹsẹ̀ Rin Ìlú Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí Delhi, ìtọ́jú ara ló ń gbé wa lọ. Ẹnì kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, ẹlòmíràn gbé ọmọ lọ nítorí àìsàn ọkàn, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé aláìsàn lọ kí wọ́n lè máa dúró tì í. Èmi náà, ìyá mi ni mo sìn lọ. Nígbà tí wọ́n parí gbogbo àyẹ̀wò, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbà á sí ọsibítù, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sì ní, "Má jókòó tì mí. Lọ wo ìlú onílùú, kí o lè rí nǹkan ròyìn fún wa." Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà, àti láwọn ọjọ́ tí mo tún jáde lẹ́yìn rẹ̀, ni mo kó jọ síbí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má ṣe ní ẹ fẹ́ fi ọjọ́ kan wo gbogbo Delhi. Bí ẹ bá ní ẹ máa rí India Gate láàárọ̀, kí ẹ dé ìdí Qutub Minar lọ́sàn-án, kí ẹ sì dé ibojì Humayun nírọ̀lẹ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ilẹ̀ máa ṣú yín sí. Taj Mahal tí gbogbo wa mọ̀ nínú àwòrán kò tilẹ̀ sí ní Delhi. Agra ló wà, ibẹ̀ sì ju 200 kìlómítà lọ. Àdúgbò kan ni kí ẹ mú. Èyí tí mo bá yín mú ni Purani Dilli, ìyẹn Delhi Àtijọ́, ìlú tí Ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1639 nígbà tó fẹ́ kó olú-ìlú rẹ̀ kúrò ní Agra. Odi ọba, mọ́ṣáláṣí ńlá àti ọjà tó ti ń ná láti ayé ọba náà títí dòní, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mú láti ilé

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló ṣáájú. Íńdíà ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ibà náà wà, ẹni tó bá sì dé láìmú káàdì dání, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 6. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10, ó kéré tán, kí ẹ tó wọ ìlú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ara yín ni ẹ ń ṣe é fún.

Ẹnu ṣájà tiwa tó ní irin pẹlẹbẹ mẹ́ta kò wọ ojú iná wọn. Ihò róbótó ni tiwọn. Ẹ ra ohun tí ẹ máa fi so ó pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí fóònù tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní Delhi ti sọ yín di afọ́jú.

Aṣọ ńkọ́? Oṣù tí ẹ bá lọ ni yóò sọ. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, òtútù ibẹ̀ kọjá ọyẹ́ tiwa. Àárọ̀ mìíràn wà tí òṣùwọ̀n Celsius kì í pé 10, tí kùrukùru á bo títì mọ́lẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, oòrùn máa ń kọjá 40, ó sì lè dá àgbàlagbà wólẹ̀. Òjò ló ni oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án. Ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, èéfín máa ń bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn rẹ̀ dání, kó sì bo imú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yan ìgbà, ẹ lọ ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta.

Náírà kò ní iṣẹ́ tó lè ṣe fún yín níbẹ̀. Dọ́là ni kí ẹ gbé, kó jẹ́ bébà tó mọ́, tí kò ya, tí wọn ò fi bírò kọ nǹkan sí lára.

Ìgbésẹ̀ 2: Alẹ́ tí ẹ bá balẹ̀

Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni Íńdíà fi ṣáájú wa. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Èkó, aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ní Delhi. Ẹ yí aago yín padà kí ẹ tó kúrò nínú bàálù.

Ní pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀, ẹ ra síìmù. Ìwé ìrìnnà, físà àti àwòrán yín ni wọ́n máa béèrè, síìmù náà sì lè gba wákàtí díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ ti kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń sùn sí orí bébà. Ẹ ṣẹ́ dọ́là díẹ̀ péré níbẹ̀, ìyókù di inú ìlú. Kí ẹ sì bẹ ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ pé owó kéékèèké lẹ fẹ́: rúpìì 10, 20, 50, 100. Ojú Gandhi ló wà lára gbogbo owó bébà wọ̀nyí, torí náà nọ́ńbà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo àwòrán. Ẹ máa rí i pé fóònù ni gbogbo ènìyàn fi ń sanwó, títí kan ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ṣòro fún àlejò láti wọ inú ètò yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó kéékèèké ló sì máa yọ yín.

Ọ̀nà ìkàwó wọn tún wà tó ń da àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn láàmú. "Lakh" kan ni 100,000, "crore" kan ni 10,000,000. Bí ọsibítù bá ní "lakh méjì àbọ̀", 250,000 rúpìì ni wọ́n ń sọ. Ẹ fi í sọ́kàn kí ọkàn yín má bàa já lórí ohun tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ ka ohun tó pọ̀ sí kékeré.

Bí ẹ bá jáde sí ìta, àwọn gbájúẹ̀ ti ń dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: òtẹ́ẹ̀lì yín ti jóná, wọ́n ti tì í pa, ọdún ń lọ lọ́wọ́ kò sí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbòmíràn. Irọ́ ni. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń san owó takisí sílẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ fi áàpù pe ọkọ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ti ní ẹni tó máa wá gbé yín, ẹ dúró de ẹni yẹn nìkan, kí ẹ sì rí i pé ó mọ orúkọ aláìsàn kí ẹ tó gbé ẹrù sí bọ́ọ̀tù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Lọ́jọ́ Ajé, odi ọba kì í ṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù inú ọjà máa ń tì. Ọ̀sán Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá kún fún olùjọsìn, wọn kì í gba olùwòran wọlé nígbà ìrun. Ó ku ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọ Métírò, ẹ má wọ mọ́tò

Kí aago méje tó lù, kí ẹ ti jáde. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Métírò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Delhi ní ìparí ọdún 2002, n kò sì rí ohun tó dára jù ú lọ fún àlejò nínú ìlú náà. Ó mọ́, ó tutù, kì í pẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa gbé báàgì yín sórí ẹ̀rọ, ẹ̀ṣọ́ á sì yẹ ara yín wò. Ìlà ọkùnrin ọ̀tọ̀, ìlà obìnrin ọ̀tọ̀. Ní ibi tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ, wọ́n á fún yín ní bébà tí ẹ máa fi han ẹ̀rọ ní àbáwọlé. Ẹ má jù ú nù, torí ẹ máa tún fi jáde.

Ẹ̀yin obìnrin, kọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú pátápátá tiyín ni, àmì rẹ̀ aláwọ̀ píńkì wà nílẹ̀ níbi tí ẹ máa dúró sí. Ẹ lò ó, pàápàá bí ẹ bá dá jáde. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jìnnà síbẹ̀, owó ìtanràn wà fún un.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa máa ń dé sí agbègbè Saket ní gúúsù ìlú. Ìlà Métírò tí wọ́n ń pè ní Yellow Line ló kọjá níbẹ̀; ẹ wọ̀ ọ́ tààrà títí dé Chawri Bazar, kí ẹ wá gun ríkíṣọ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ akérò, tàbí kí ẹ rìn dé mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá wà nítòsí Violet Line ní tirẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó Jama Masjid gan-an, orúkọ mọ́ṣáláṣí ńlá náà nìyẹn.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan sọ́nà títì: apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí. Láti ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò níbẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, torí náà ọrùn wa ti mọ́ òsì í kọ́kọ́ wò. Ní Delhi, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kadà fẹ́ gbá mi lọ́jọ́ kìíní nítorí èyí nìkan. Ẹ wá ará ìlú kan tó fẹ́ sọdá, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá gbéra kí ẹ gbéra, kí ẹ má sáré, kí ẹ má sì padà sẹ́yìn láàárín títì. Fèrè tí gbogbo wọn ń fun kì í ṣe èébú. "Mo wà lẹ́yìn rẹ o" ni wọ́n ń fi sọ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tilẹ̀ kọ ọ́ sí ìdí pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jọ̀wọ́ fun fèrè.

Ìgbésẹ̀ 5: Mọ́ṣáláṣí ńlá, kí oòrùn tó mú

Láàárín ọdún 1650 sí 1656 ni Shah Jahan kọ́ Jama Masjid. Òkúta pupa àti mábù funfun ni wọ́n fi mọ ọ́n, àgbàlá rẹ̀ sì gba ènìyàn 25,000. Ẹ gòkè lórí àtẹ̀gùn, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ mú ọ̀rá dání láti ilé kí ẹ lè kó bàtà yín sínú rẹ̀ fúnra yín. Kí obìnrin borí, kí ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé. Ìwọlé kò ní owó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbowó lórí kámẹ́rà, fóònù náà sì wà lára rẹ̀.

Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, ẹyẹlé ló pọ̀ ju ènìyàn lọ nínú àgbàlá náà, bí ẹ bá sì dúró lórí àtẹ̀gùn ìlà-oòrùn, ẹ máa rí odi pupa ti ọba lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mí dáadáa láti ìgbà tí dókítà ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Òkúta ilẹ̀ náà máa ń gbóná bí àwo tó wà lórí iná tó bá di ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè dé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ láìjẹ ẹran, òdìkejì Gate 1, ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí náà, ni àdúgbò Matia Mahal wà. Wọ́n ń ta nihari níbẹ̀ láàárọ̀, ẹran ọlọ́bẹ̀ tí wọ́n gbé sórí iná jẹ́jẹ́ mọ́jú, tí eegun fúnra rẹ̀ ti rọ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹran ẹfọ̀n ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ má béèrè ẹran màlúù níbikíbi ní Delhi. Òfin kò gbà á, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì ka màlúù sí ohun ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá rí i tó dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ẹ yà á sílẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ti ń yà á.

Ìgbésẹ̀ 6: Odi pupa

Red Fort, tí wọ́n ń pè ní Lal Qila, parí ní ọdún 1648. Owó ìwọlé àlejò ju ti ọmọ onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kì í ṣe jìbìtì, bí ìjọba ṣe là á kalẹ̀ ni. Lórí odi yìí ni olórí ìjọba Íńdíà ti máa ń ta àsíá, tó sì ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́dọọdún ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ òmìnira wọn. Nínú lọ́hùn-ún, ilẹ̀ koríko tó gbòòrò àti ilé àwọn ọmọ ogun lẹ máa rí ju ààfin lọ, torí lẹ́yìn ogun ọdún 1857 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wó èyí tó pọ̀ nínú ilé ọba. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń ro yín, ẹ dúró níta, ẹ wo ògiri rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa lọ. Ọjà ló yẹ kí ẹ fi agbára pamọ́ fún.

Ìgbésẹ̀ 7: Chandni Chowk, láti orí dé ìdí

Ẹ kẹ́yìn sí odi náà. Ọ̀nà gbọọrọ tó wà níwájú yín ni Chandni Chowk, ó ju kìlómítà kan lọ díẹ̀, ìparí rẹ̀ sì ni mọ́ṣáláṣí Fatehpuri. Jahanara, ọmọbìnrin Shah Jahan, ni ìtàn sọ pé ó ṣètò rẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn gba àárín rẹ̀ nígbà náà, adágún kan sì wà tí òṣùpá máa ń yọ nínú rẹ̀ lálẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Omi ti lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò wọ ibẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, èyí sì mú kó rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀.

Lápá òsì, lẹ́nu ọ̀nà gan-an, tẹ́ńpìlì pupa àwọn ẹlẹ́sìn Jain wà. Ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba pípa ohun ẹlẹ́mìí, nítorí náà ohun tí wọ́n fi awọ ṣe kì í wọlé: bẹ́líìtì, pọ́ọ̀sì, bàtà. Nínú ọgbà wọn ni ọsibítù ẹyẹ wà. Ẹyẹlé tó ṣẹ́ apá, ẹyẹ tí okùn káìtì tí àwọn ọmọdé ń fò gé lọ́rùn, wọ́n ń gbé wọn wá, wọ́n ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúró ti àgò kan níbẹ̀, mo ń wo bí ọkùnrin kan ṣe ń fi òwú nu ojú egbò ẹyẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ń ronú ìyá mi. Ẹ fi owó díẹ̀ sínú àpótí wọn bí ẹ bá ń jáde.

Ẹ rìn síwájú díẹ̀, lápá òsì kan náà, ẹ máa rí òrùlé aláwọ̀ wúrà: Gurdwara Sis Ganj Sahib, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ orí Guru Tegh Bahadur, ẹnì kẹsàn-án nínú àwọn Guru, ìyẹn olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn náà, ní ọdún 1675 lábẹ́ Ọba Aurangzeb. Ẹ wọlé. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe èyí. Wọ́n máa gba bàtà yín sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ máa fi ẹsẹ̀ gba inú omi kọjá, ẹ máa fi aṣọ borí, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní aṣọ ìborí fún ẹni tí kò bá mú wá. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbi orin wọn, ẹ má na ẹsẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè langar. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún gbogbo ayé ni. Wọn kò ní bi yín nípa ẹ̀sìn, wọn kò ní bi yín ìlú tí ẹ ti wá, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Olówó àti alágbe jókòó sílẹ̀ ní ìlà kan náà, abọ́ irin níwájú wọn. Ẹlẹ́wà á kọjá, á bu ẹ̀wà olómi sí i. Oníbúrẹ́dì á kọjá, ọwọ́ méjèèjì sì ni kí ẹ fi gbà á. Ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ lè jẹ tán, torí wọn kì í fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò. Àwa tí a mọ sàráà, a rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán, àfi ìgbà tí mo rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́ láìsí ìsinmi. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè bá wọn yí búrẹ́dì nílé ìdáná, inú wọn á dùn.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn ọ̀nà tóóró

Ní àyíká Sis Ganj ni gbogbo ohun tí ọjà yìí jẹ́ wà. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní Dariba Kalan, fàdákà ló kún ibẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ẹ ti máa yà sí Kinari Bazaar, ibi tí wọ́n ti ń ta etí aṣọ oníwúrà, ìlẹ̀kẹ̀, lésì ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ọ̀ṣọ́ orí ìyàwó àti ti ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń múra ìgbéyàwó nílé kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀. Ọ̀nà náà há débi pé bí ènìyàn méjì bá pàdé, ọ̀kan á fara ti ògiri. Wáyà iná so kọ́ra wọn lókè bí ìtàkùn. Alábàárù ń ké "side, side" bó ṣe ń bọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ yà kíákíá, torí ẹrù orí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dúró.

Àpò ẹ̀yìn, ẹ gbé e sí àyà. Owó yín, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Ìwé ìrìnnà, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ẹ dé sí, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání.

Nítorí oúnjẹ: Paranthe Wali Gali wà níbẹ̀, ọ̀nà tóóró tó jẹ́ pé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ki ọ̀dùnkún tàbí ewébẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n dín, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Jalebi náà wà, adùn tí wọ́n ń dín yípo-yípo kí wọ́n tó rì í sínú omi ṣúgà. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú àkàrà gbígbóná mọ òfin rẹ̀: níbi tí èrò pọ̀ sí, tí wọ́n ń dín in lójú yín, ni kí ẹ ti rà. Ẹ sá fún èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀, omi yìnyín àti ewébẹ̀ tútù. Omi inú ìgò nìkan ni kí ẹ mu, kí ẹ sì gbọ́ bí ìdérí rẹ̀ ṣe máa dún nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Lọ́jọ́ kejì mi, mo ra ìgò kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ìdérí rẹ̀ kò dún, mo ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ méjì ni ìgbẹ́ gbuuru fi dá mi dùbúlẹ̀ nígbà tó yẹ kí n wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Tíì wọn kò léwu, torí ó ń hó. Wàrà, atalẹ̀ àti ṣúgà ni wọ́n sè pọ̀ mọ́ ọn, ife rẹ̀ kéré, ó sì ń sọ ara jí.

Ní ìparí Chandni Chowk, lẹ́yìn Fatehpuri, Khari Baoli ló kàn. Ọjà èròjà ọbẹ̀ ni, wọ́n ní kò sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo Éṣíà. Kí ẹ tó rí i ni imú yín á ti mọ̀. Ata gbígbẹ ni wọ́n kó sínú àpò gíga-gíga, gbogbo ènìyàn ló ń sín, tí wọ́n ń wúkọ́, àti ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Ẹ fi aṣọ bo imú. Atalẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀, kànáfùrù, kúmínì, elaichi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi sí tíì: kìlógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n á ta ìlàrin fún yín. Nǹkan kékeré tí ẹ lè mú lọ sílé láìwúwo, ibẹ̀ ló wà.

Ìgbésẹ̀ 9: Nínájà, àti bí ẹ ṣe máa pe ènìyàn

Ẹni tó ń tajà tàbí tó ń wakọ̀, "bhaiya" ni kí ẹ pè é. Bọ̀ọ̀dá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó jù yín lọ díẹ̀, "didi". Àgbàlagbà, ẹ fi "ji" kún orúkọ rẹ̀. Èdè Híńdì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, gẹ́lẹ́ bí "ẹ" àti "o" tiwa. Ọmọ wọn máa ń tẹ̀ ba láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ṣe é fún ìyá mi, omijé bọ́ lójú ìyá náà, ó sì gbàdúrà fún un ní Yorùbá tí ọmọ náà kò gbọ́ kankan nínú rẹ̀.

"Kitna?" ni èló. "Thoda kam" ni ẹ dín in díẹ̀. "Nahi chahiye" ni mi ò fẹ́. Ẹ máa lò ó púpọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rìn lọ. Bí wọ́n bá mi orí sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, wọn kò kọ̀. Mo ti gbọ́, ó dáa, ni wọ́n sábà ń fi sọ. Ní Kinari Bazaar, nínájà wà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọjà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a ń gùn nílé, Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, torí náà ẹ ti mọ inú rẹ̀. Ní Delhi, ewé àti yẹ́lò ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fi kún un pé ẹ kò fẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹni tó gbé mi lọ́jọ́ náà ní rúpìì díẹ̀ ni òun máa gbà. Ilé àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbé mi lọ, torí wọ́n ń fún un ní ẹ̀gúnjẹ lórí àlejò tó bá mú wá.

Ọ̀rọ̀ awọ ara wa

Mi ò ní fi èyí pamọ́. Wọ́n máa wò yín. Wọ́n á fẹ́ yà yín ní fọ́tò, ọmọdé á fẹ́ fọwọ́ kan irun dídì yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ìyàlẹ́nu lásán ni. Ẹ lè gbà, ẹ lè ní rárá, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tó burú ju wíwò lọ ti ṣẹlẹ̀ rí: ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ọ̀pọ̀ èrò ya bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Greater Noida, ìlú tó wà lẹ́bàá Delhi, wọ́n sì lù wọ́n ní ìlùkulù. Nítorí náà, ẹ má dá rìn ní òru. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi èébú dẹ yín, ẹ má dá a lóhùn, ẹ wọ ibi tí iná àti èrò wà. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì. Ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Chanakyapuri. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ẹ tó jáde láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ padà kó tó di alẹ́

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ forí lé ibùdó Métírò Chandni Chowk. Bó bá fi di aago mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé, ọkọ̀ á kún débi pé ẹsẹ̀ yín kò ní kan ilẹ̀ dáadáa. Ẹ fi fóònù sápò iwájú kí ẹ sì dì í mú.

Nílé, ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ fi omi ìgò fọ imú, ẹ máa rí i pé dúdú ló ń jáde. Ẹ mu omi tí ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà sí, bí inú kò tilẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ra jalebi fún aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn kò jẹ́ kó jẹ ẹ́, lésì oníwúrà tí mo rà ní Kinari Bazaar ló gbà, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí títí tí wọ́n fi wá gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ.

Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, ẹ pe ilé. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀, àwọn ọmọ á ti dé láti ilé ìwé.